Ìjàpá, Olùdámọ̀ràn Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ní ọjọ́ kan…

Ọjọ́ kan kì í tán láyé.

Ní ìgbà kan…

Ìgbà kan ń lọ, ìgbà kan ń bọ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò dá lórí ẹlòmíràn bí kò ṣe Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tí káńsù ìlú ẹranko fẹ́ ṣòfin lórí omi kànga.

Ìlú ẹranko yìí wà lẹ́yìn àwọn àpáta Òkè-Ògùn, lápá ibi tí odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ẹ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí: àpáta kò jìnnà sójú ilẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, erùpẹ̀ tó bo àpáta a fa omi náà mu, díẹ̀ a sì gba ojú ibi tí àpáta ti sán wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni kànga ti ń rí omi. Ibẹ̀ náà ni odò ti ń rí èyí tó ń ṣàn lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ẹ̀kán òjò kan lójú ọ̀run. Igbó ńlá kan sì wà lókè odò. Ewé tó ń jábọ́ nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àgbàrá sáré. Òjò a rọra wọlẹ̀ bí àlejò tó mọ̀wà hù.

Òkété ni agbẹ́kànga ìlú. Òun ló gbẹ́ ti Ehoro, ó gbẹ́ ti Ọ̀yà, ó gbẹ́ ti Ẹmọ́. Bí wọ́n bá fami tán nírọ̀lẹ́, omi a tún ti sun padà kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé korobá mélòó lo fà.

Ìgbà tó yá, Erin di alága káńsù. Kò tíì jókòó gbóná lórí àga tó fi gbẹ́ bọ̀hóòlù sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ki ọwọ́jà rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó ń fa omi tọ̀sán-tòru, Ẹfọ̀n sì ń fi táńkà gbé e lọ tà fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni káńsù gbé kọ́ńtíráàtì igi gígé lókè odò fún Ọ̀bọ. Ọ̀bọ o, ẹni tó jẹ́ pé orí igi ló ń gbé! Wọ́n bi í pé níbo ni yóò máa sùn bó bá gé gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní owó tí òun máa rí níbẹ̀ á kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, odò fà sẹ́yìn. Erinmi wá ké gbàjarè ní káńsù pé ibi tí òun ti ń wẹ̀ kò mu òun dé orúnkún mọ́. Ehoro ní tòun, okùn ìfami òun kò kan omi mọ́ àfi kí òun fi àmúró ṣòkòtò so mọ́ ọn. Erin ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé láti wádìí ọ̀ràn náà. Ìjàpá ti na ọwọ́ sókè kí Erin tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni Ìjàpá ṣe di Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Omi. Ó wọ awò ojú tí kò ní díńgí, ó ká okùn sí ọrùn, ó ń rìn káàkiri ìlú, ó ń yọjú wo inú kànga oníkànga, ó ń mi orí. Ní ọjọ́ tó padà dé káńsù, fáìlì tó gbé dání ga jù ú lọ.

Ó ní, “Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ti rí olè tó ń jí odò gbé. Àwọn kànga kéékèèké ni. Bí ẹ bá ro korobá Ehoro mọ́ ti Ọ̀yà, tí ẹ ro ti Ọ̀yà mọ́ ti Ẹmọ́, odò kan ni.”

Ayékòótọ́, akọ̀wé káńsù, kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: “Odò kan ni! Odò kan ni!”

Erin wò yán-yàn-yán. Ó bèèrè wẹ́lẹ́ pé, “Bọ̀hóòlù tèmi ńkọ́?”

“Háà, Alága! Tiyín kì í ṣe kànga. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè ni.”

Ni wọ́n bá kọ àbá òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kànga gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Korobá mẹ́ta ni ilé kan yóò máa fà lóòjọ́. Ẹni tí òùngbẹ bá ṣì ń gbẹ lẹ́yìn ìyẹn, kí ó kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà mẹ́ta. Àbá òfin náà kò dárúkọ bọ̀hóòlù, kò sì dárúkọ igi.

Kí ni ọmọ yẹn ń sọ? Ó ní ṣé Àbújá ni ìlú yìí wà? Rárá o. Mo ti ní Òkè-Ògùn ni. Lóòótọ́, òfin omi tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 1993 gbà kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ fa omi abẹ́ rẹ̀ fún ìlò ilé àti fún ẹran ọ̀sìn láìsan kọ́bọ̀. Lóòótọ́, wọ́n gbé àbá òfin omi tuntun wá sílé aṣòfin ní 2017, wọ́n tún gbé e padà wá ní 2020, àwọn ará ìlú sì fi igbe ta pé ìjọba fẹ́ gba kànga mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í ṣe ẹranko. Ẹ jẹ́ kí n máa bá àlọ́ mi lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ìjàpá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé Ehoro. Ó kó àwọn ẹranko kéékèèké jọ, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ̀yin ará mi, wọ́n fẹ́ gba kànga yín o! Mo ti bá wọn jà títí, ẹnu mi ti bó. Kí ló kan yín kan odò tó ń gbẹ? Omi odò ni todò, omi kànga ni tiyín. Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹni, tẹni ni. Ẹ dáwó, kí n bá yín rojọ́.”

Inú wọn dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n dá owó ẹyọ, wọ́n dá ẹ̀pà, wọ́n dá iṣu. Ẹmọ́ ní nítorí ọ̀rọ̀ yìí, òun yóò gbẹ́ kànga kejì lọ́la. Ọ̀yà ní òun yóò gbẹ́ tòun sí ẹ̀gbẹ́ ṣálángá, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ká wo ẹni tí yóò bi òun.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbé inú kànga, mo ti gbé inú odò, n kò rí ògiri láàrin méjèèjì. Ohun tí Erin ń fà lókè ń kan kànga yín. Ohun tí ẹ̀ ń fà ń kan odò, bó ti wù kó kéré mọ. Ìwọ Ọ̀yà, ohun tó o bá sì dà sínú ṣálángá rẹ, inú korobá aládùúgbò rẹ ló ń lọ.” Ó wá dárin:

Lílé: Erin ń fà lókè o,
Ègbè: Omi kan ni!
Lílé: Ehoro ń fà nísàlẹ̀,
Ègbè: Omi kan ni!
Lílé: Ẹ gégi orí odò,
Ègbè: Omi kan ni!
Lílé: Kànga ń pòǹgbẹ nílé,
Ègbè: Omi kan ni!

Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ lọ sùn. Ilé ìwé wo lẹ lọ tí ẹ fi ń bá Olùdámọ̀ràn jiyàn?”

Ọjọ́ ìpàdé ìtagbangba pé. Àgbàlá Erin ni wọ́n ti ṣe é, nítorí gbọ̀ngàn káńsù ti wó láti ọdún tí wọ́n ti ń gba owó àtúnṣe rẹ̀. Erin ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé. Ehoro náà ka tirẹ̀ nínú ìwé. Ìkíni inú ìwé méjèèjì bára mu délẹ̀, títí kan àṣìkọ tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fura. Erinmi ń pe Ehoro ní olè. Ehoro ń pe Erinmi ní alápò-ìyà. Ẹfọ̀n, tí táńkà rẹ̀ ń kún lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé, ní kí gbogbo ìlú máa ṣọ́ omi lò.

Níbo ni Ìjàpá wà? Ó ti yọ́ padà sílé Ehoro. Kànga Ehoro ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó jìn, ó sì ṣókùnkùn. Ìjàpá rò ó pé kò síbi tó dáa tó ibẹ̀ láti ka owó. Ó gba okùn sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó lórí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń kà á, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń kọrin:

Lílé: Mo gba ti Erin, mo gba ti Ehoro,
Ègbè: Jálá-jálá-jìn!
Lílé: Èmi ni mo kọ̀wé fún wọn méjèèjì,
Ègbè: Jálá-jálá-jìn!
Lílé: Kí wọ́n jà dóru, kí wọ́n jà mọ́jú,
Ègbè: Jálá-jálá-jìn!
Lílé: Bódò gbẹ, bí kànga gbẹ, àpò mi kún,
Ègbè: Jálá-jálá-jìn!

Orin náà gba ojú ibi tí àpáta ti sán wọlé. Ó kọjá lábẹ́ ilé Ọ̀yà, ó kọjá lábẹ́ ọjà, ó sì yọ lẹ́nu bọ̀hóòlù Erin gbuu, bí ẹni tó fi gbohùngbohùn sẹ́nu. Àgbàlá pa lọ́lọ́. Ayékòótọ́ nìkan ni kò dákẹ́, ó ti ń gbè é, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: “Jálá-jálá-jìn! Jálá-jálá-jìn!”

Erin ní, “Ta ló wà nínú bọ̀hóòlù mi?”

Ehoro ní, “Ohùn Ìjàpá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá kànga mi ni mo fi í sí.”

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kò tilẹ̀ dìde lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Bí ohùn bá rí ibi gbà kọjá, kí ni ẹ rò pé omi ń gbà?”

Gbogbo ìlú sáré lọ fa Ìjàpá jáde. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ló ń bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ni òun fi hàn wọ́n gbangba pé omi kan ni, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé kó san gbogbo owó tó gbà padà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ mú un wá nílé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ẹ kì í rí Ìjàpá níta. Ó ti wọ ihò lọ, ó ń sá fún àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀yin rò pé ó parí síbẹ̀? Nígbà tí wọ́n lu Ìjàpá tán, oníkálukú gbalé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ayọ̀, àfi bí ẹni pé kùmọ̀ ló ń sun omi. Erin ní Ìjàpá ló tan òun jẹ. Ó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ jẹun, ìgbìmọ̀ sún ìjókòó síwájú. Bọ̀hóòlù ń fà lọ. Ẹmọ́ parí kànga rẹ̀ kejì. Ọ̀bọ gé igi tó kù.

Nígbà tó di àárín oṣù kejì, Erin fa ọwọ́jà rẹ̀ jáde, ẹrẹ̀ ló bá bọ̀. Táńkà Ẹfọ̀n dúró gbagidi. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ti mọ̀ tipẹ́.

Òfin tí wọ́n wá ṣe kò gba ju ojú ewé kan lọ. Wọ́n so kókó mọ́ okùn, Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ sì ń sọ ọ́ sínú kànga àti bọ̀hóòlù ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti wo ibi tí omi wà. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ ju kókó kẹta lọ, Erin ni yóò kọ́kọ́ dá omi títà dúró, nítorí òun ló ń fà jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù yóò dín tiwọn kù. Ọ̀yà dí ṣálángá rẹ̀, ó gbẹ́ òmíràn sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jìnnà sí kànga gbogbo. Wọ́n ní kí Ọ̀bọ gbin igi padà, kó sì máa sùn nílẹ̀ títí wọn yóò fi ga. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, kànga gbèrú díẹ̀. Odò ṣì ń ṣòjòjò, nítorí igi tí àáké gé láàárọ̀, òjò ọdún púpọ̀ ni yóò rọ̀ sí i kó tó di igbó.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé òfin tó ń ka korobá aláìní tí kò ka táńkà alágbára, owó ló ń ṣọ́, kì í ṣe omi. Ó sì kọ́ ẹni tó ń pariwo “kànga mi, kànga mi” pé kò sí ẹni tó ní ìsàlẹ̀ kànga.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!