Bàbá Pọ́tà, Ẹ Wá Gbọ́ Tẹnu Mi

Bàbá Pọ́tà, mo kí yín o. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá, nítorí ọtí tí wọ́n ti ń mu ní Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ọdún 1720 kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Àmọ́ ẹni tó bá ti kí àgbà tán, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Owó mi ni mo fi rà yín.

Ọmọ alábàárù ni yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi bò. Àwọn tó ń ru èédú, ọkà àti iyọ̀ láti etí odò Thames wọ ìgboro ló sọ yín di olókìkí, tí ẹ fi ń jẹ́ orúkọ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, porter, títí dòní. Wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á nu òógùn ojú, wọ́n á gbé ife sẹ́nu, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń gbóòórùn yín. Ẹ wá wo àwọn tó yí yín ká lónìí! Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù olówó ńlá, tí kò tíì ru ẹrù tó ju báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ló ki imú bọ ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nílé ọtí. Ó dijú. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ń gbóòórùn ṣokoléètì. Ó tún imú kì bọ̀ ọ́, ó ní kọfí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní awọ bàtà. Mo yọjú wo bàtà mi lábẹ́ tábìlì, mo rọra fà á sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ṣokoléètì sínú yín? Ọkà báálì ni, omi, ìwúkàrà, àti òdòdó hops tó korò. Wọ́n rẹ ọkà títí ó fi hù, wọ́n sá a, wọ́n yan án. Èyí tó bá pẹ́ lórí iná ló ń ta sánsán bíi kọfí. Àgbàdo tí ọmọ aláìfẹ́ṣẹ́ yan jóná létí títì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un ní máàkì rí.

Dúdú tí ẹ tiẹ̀ fi ń ṣakọ yìí, ṣé àbímọ́ ni? Mo gbé ife sókè sí iná, pupa ló yọjú létí rẹ̀. Ọkà tí wọ́n yan di àwọ̀ igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pọn yín. Nígbà tó yá, àwọn apọntí rí irinṣẹ́ tó ń wọn agbára ọtí, ó hàn sí wọn pé ọkà tí iná kò jó ló ń mówó wọlé jù. Wọ́n sá tẹ̀ lé e, àwọ̀ yín bá ṣí, ni wọ́n bá ń fi ṣúgà jíjóná pa yín láró. Ní 1817, Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ fún ìlù irin kan tó ń yan ọkà títí yóò fi dúdú kirikiri; díẹ̀ péré nínú rẹ̀, odindi àgbá á dúdú. Bàbá, láti ìgbà náà lẹ ti ń kun irun. Àṣírí tú.

Ọmọ yín ńkọ́? Èyí tó le jù nínú ìdílé yín ni sítáòtù. Ó gba ọ̀dọ̀ Guinness ní Dublin kọjá, ó dé Ìkẹjà ní 1962, àwọn ará ilé wa sọ ọ́ ní Odeku. Agbára rẹ̀ níbẹ̀, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin bàbá tó bí i, ìgò yín tí mo ṣí, London Porter ti Fuller's, 5.4 ni. Ẹni tó bá fi Odeku dàgbà, tó wá tọ́ yín wò, á ní kí ẹ lọ pe bàbá yín wá.

Àmọ́ ọ̀ràn òtútù ló bí mi nínú jù. Láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fà yín jáde, ní ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì máa fi yangàn! Ẹ gbé irú ife bẹ́ẹ̀ fún ará Mushin, á bi yín pé láti ìgbà wo ni NEPA ti mú iná lọ. Onílé ọtí ní òtútù àpọ̀jù ló ń pa adùn ọtí. Mo dákẹ́, mo fọwọ́ méjèèjì di ife mú, mo ń wò ó pé n ó bá a já. Ká má parọ́, ó rí i sọ. Nígbà tí ara ife lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ṣúgà jíjóná ló kọ́kọ́ bá mi lẹ́nu, ìkorò tẹ̀ lé e láìjà, ó sì lọ geere. Inú bí mi sí i.

Ẹ sì ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ní 17 October 1814, àgbá yín kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 22 bẹ́ nílé ìpọntí Meux nítòsí Tottenham Court Road, ọtí wó ògiri, ó ya wọ ilé àwọn tálákà. Èèyàn mẹ́jọ ló kú. N kò ní fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó dájọ́ ni n ó fi ṣe. Òrùka irin ti yọ lára àgbá ní bíi wákàtí kan ṣáájú, akọ̀wé sì rí i, síbẹ̀ wọ́n ní jàǹbá àti oríburúkú lásán ni. Oríburúkú tí akọ̀wé ti fojú rí!

Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ẹ ti kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti gbàgbé yín. Kó tó di 1980, ẹ tún yọ, ẹ ń tajà. Lójú ará ilé mi, àkúdàáyà ni yín.

Ó ku máàkì. Ìwé àwọn adájọ́ bíà kan ní Amẹ́ríkà, BJCP, ni mo lò. 50 ni gbogbo rẹ̀. Òórùn, 10 nínú 12, ọ̀gbẹ́ni aláwọ bàtà ló gbà yín là. Ìrísí, 1 nínú 3, nítorí irun kíkùn. Adùn, 14 nínú 20. Bó ṣe rí lẹ́nu, 3 nínú 5, ẹ fúyẹ́ díẹ̀ fún ẹni tó bí Odeku. Àpapọ̀ ìwà, 6 nínú 10. Ó di 34. Tí a bá sọ ọ́ di ti WAEC, B3 ni. Bàbá, ẹ lè wọ yunifásítì, ẹ má ṣáà kọ ìmọ̀ ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù.