Ewúrẹ́ Kò Gbè Mọ́

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sígbó, kò balẹ̀ sọ́dàn, ẹ̀yìn ọjà Mile 12 ló balẹ̀ sí. Ó bá Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo níbẹ̀, ó bá Ewúrẹ́ Ìkòsì, ó sì bá Ìkookò níbi tó jókòó sí lórí ààtàn bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló dá ọjà sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti na ọjà náà rí mọ̀ pé oúnjẹ Èkó ni wọ́n ń já níbẹ̀. Tòmátò, ata rodo àti àlùbọ́sà ń ti òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ àjàgbé, iṣu náà ń bọ̀. Èyí tó bá rà, èyí tó bá fọ́, ìdí iṣu àti èèpo, àwọn ẹranko ló ni ín. Òkété ń jẹ ìdí iṣu, Adìyẹ ń ṣa kóró ata, Ewúrẹ́ àti Àgùntàn ń jẹ èèpo. Ìkookò ní òun ń ṣọ́ ààtàn náà fún wọn. Nínú 200 èèpo tí ẹranko bá kó, 65 ni owó ìṣọ́. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sì sí olè kankan tó ń jà níbẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbà á, ohun tó bá sì ti pẹ́, ará Ìkòsì a máa pè é ní àṣà.

Ó wá di ọjọ́ ọdún tuntun, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012. Ìjọba Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tó jẹ́ ₦65 di ₦141 lójijì. Àwọn tó lọ ṣe ọdún Kérésì nílé kò rówó ọkọ̀ padà sí Èkó. Owó ọkọ̀ tòmátò gbéra, owó ọkọ̀ iṣu gbéra, àwọn ìyá olóńjẹ Kétu bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí ẹ bá gbé èèpo rẹ̀ sókè, ẹ ó rí ojú ẹni tó wà lódìkejì. Bí èèpo ṣe ń fẹ́lẹ́ náà ni ikùn Ewúrẹ́ ń fẹ́lẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun yẹn kan náà ni Ìkookò wúkọ́, tó ní owó ìṣọ́ kì í ṣe 65 mọ́, 141 ni. Ẹ má bi mí bóyá Ìkookò ní rédíò.

Ìjàpá kì í jẹ èèpo. Ibi tí òun ti ń jẹun, kò hàn sẹ́nì kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, tí Save Nigeria Group tí Pásítọ̀ Tunde Bakare ń darí kó èrò jọ sí gbàgede Gani Fawehinmi ní Òjọ́ta, Ìjàpá rọra wọ́ lọ síbẹ̀, ó sá sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́pà. Ó wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Olórin ń kọrin, aláwàdà ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n, èrò ń hó yèè. Ẹlòmíràn ì bá rí ìbínú àwọn tálákà níbẹ̀. Ìjàpá rí i pé kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú pé ta ni ó jẹ́, àti pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé omi inú ọ̀rá fún. Kó tó padà dé Ìkòsì, ó ti di Alága.

Ó pe gbogbo ẹranko jọ sẹ́yìn ọjà, lápá Agíliti níbi tí omi Odò Ògùn ti máa ń ya wọlé. Ó ní láti òní lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ fún Ìkookò. Ó ní kí ẹranko kọ̀ọ̀kan máa mú èèpo 10 wá lárààárọ̀ fún ìnáwó ìjà. Ó ní òun gbààwẹ̀, òun kò ní í na ọrùn òun síta mọ́ títí 65 yóò fi padà. Ó sì fa ọrùn wọnú lójú gbogbo wọn. Adìyẹ sunkún. Wọ́n ní ta ló máa lé orin? Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ewúrẹ́, nítorí bó bá ké ní Ìkòsì, wọn a gbọ́ ọ ní Alápẹ̀rẹ̀. Orin tí Ìjàpá kọ́ ọ nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ìkookò, gbọ́ o!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Márùndínláàádọ́rin la mọ̀!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Mọ́kànlélógóje dé, ó há wa lọ́fun!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Èyí tá a mọ̀ ni kó dá padà!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Bí kò padà, a ò ní í relé!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.

N kò ní í purọ́, ìjà náà dùn. Ajá àti Ológbò jókòó sórí ẹní kan. Adìyẹ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Òkété tọ́jú, kò sì kà wọ́n nígbà tó gbà wọ́n padà. Ìkookò kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ààtàn, ó kàn ń fojú wò wọ́n. Títí dòní, Ewúrẹ́ kì í sọ pé ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn kò dára. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni Àgùntàn nawọ́. Àgùntàn tí ẹ mọ̀ yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́ o, èèpo tí à ń dá lárààárọ̀, ta ló ń jẹ ẹ́?" Ìjàpá kò dáhùn. Ó kàn wo Òbúkọ. Òbúkọ sún sẹ́yìn, ó sáré, ó fi ìwo kan Àgùntàn lórí gbàá! Wọ́n pariwo pé ìránṣẹ́ Ìkookò ni, pé wọ́n ti rà á. Àgùntàn ń ké. Kí igbe rẹ̀ má baà ba ìpàdé jẹ́, Ìjàpá ní kí Ewúrẹ́ lé orin, Ewúrẹ́ sì lé e, ó lé e sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tere jàn-ìn-jan bo igbe Àgùntàn mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn olórí òṣìṣẹ́ ní kí àwọn èèyàn sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n ra oúnjẹ sílé, kí àwọn sì bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ìjàpá gbọ́ ọ ní Òjọ́ta, ó gbé e wálé bó ṣe wà. Ewúrẹ́ ní, "Alága, ebi tó ń pa àwọn ọmọ mi kò tíì gbọ́ pé Sátidé ni." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ewúrẹ́.

Ní alẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn olórí òṣìṣẹ́ ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ ní Abuja, ọmọ Ewúrẹ́ kékeré kò wálé. Ewúrẹ́ wá a dé Òpópónà Demurin, ó wá a lábẹ́ àwọn ọkọ̀ àjàgbé, kò rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹ̀yìn ilé Ìkookò. Ẹ wá wo ohun tó rí! Àtùpà ń jó. Àsáró wà nílẹ̀ nínú àwo fífẹ̀, epo pupa ń dán lórí rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ èèpo ìnáwó ìjà tò sára ògiri, Yánníbo ń kà wọ́n sínú àpò. Ìjàpá rèé lórí ẹní. Ọrùn tó ní ààwẹ̀ ti fà wọnú, ó nà án síta gbọọrọ, ó nà án kọjá àwo tirẹ̀ dé àwo Ìkookò. Ọmọ Ewúrẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lá ìyókù àwo.

Ìkookò ń sọ pé, "Alága, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè padà sí 65. Kí làwọn ẹgbẹ́ mi máa wí?"

Ìjàpá gbé òkèlè mì. Ó ní, "Àwọn èèyàn mi náà kò lè gba 141. Ẹ jẹ́ ká wo àárín."

"97 ńkọ́?"

"Ó dára. Kí ìpín tèmi ṣáà máa wá lárààárọ̀."

Ewúrẹ́ fi ẹnu gbá ọmọ rẹ̀ lọ́rùn mú, ó sì lọ sílé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún, Jonathan sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣàn pé lítà epo ti di ₦97. Àwọn tó fẹ́ lọ sí Òjọ́ta láàárọ̀ yẹn bá ṣójà níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, NLC àti TUC ní àwọn dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Wọ́n ní ìdí tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì wà níbẹ̀, nítorí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ àsáró ní Abuja o. Ìjàpá ni mò ń sọ.

Ìjàpá gun orí àpótí tòmátò. Ọrùn ti padà wọlé. Ó ní, "Ìṣẹ́gun! Ìkookò ti bẹ̀rù wa!" Ó ní òun fúnra òun ni yóò lé orin lónìí:

Lílé: Ìkookò, o ṣé o!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló kù!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Ó sàn ju mọ́kànlélógóje lọ!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.
Lílé: Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká relé!
Ègbè: Tere jàn-ìn-jan.

Ṣé ẹ rí i? Lílé ti yí padà pátápátá, ègbè wà bó ṣe wà. Ẹnu ti mọ́ wọn lára. Adìyẹ ń gbè, Òkété ń gbè, Òbúkọ ń fi ìwo lu ilẹ̀ sí i. Àgùntàn tí orí rẹ̀ wú náà ń gbè. Ewúrẹ́ nìkan ló pa ẹnu dé, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ìjàpá ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?"

"Ọ̀fun kò dùn mí, Alága. Ìṣirò ló ń dùn mí. Èló là ń san ká tó jáde?"

"65 ni, ṣùgbọ́n…"

"Èló la máa san lọ́la?"

"97. Ẹ rántí pé 141 ló fẹ́ gbà, Ìyá Ewúrẹ́."

"A jáde nítorí pé wọ́n fi kún un. Wọ́n ti wá fi 32 kún un, ẹ sì ní ká máa jó."

Ló bá sọ ohun tó rí lálẹ́ fún wọn: àsáró, apẹ̀rẹ̀, Yánníbo, ọrùn. Wọ́n yíjú wo Ìjàpá. Ọrùn kò sí níta. Wọ́n ní irọ́ ni. Ajá ní owú ló ń jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́n gba orin lẹ́nu rẹ̀. Òkété, tí gbogbo ayé mọ ìwà rẹ̀, òun ló pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Òbúkọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, dákẹ́. Inú ẹgbẹ́ la ti ń tún ẹgbẹ́ ṣe."

Ewúrẹ́ ní, "Bàbá wọn, Àgùntàn wà nínú ẹgbẹ́ nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀." Ó lọ bá Àgùntàn, ó kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo fi orin bò yín mọ́lẹ̀." Àgùntàn ní kò burú. Ewúrẹ́ ní kó jẹ́ kí àwọn jọ máa lọ. Àgùntàn wo èrò, ó wo ọ̀nà, ó ní òun kò lè dá rìn. Ewúrẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n ní ó ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìkookò. Irọ́ ni èyí náà. Lárààárọ̀ ni Ewúrẹ́ ń lọ sí ààtàn, á ka 65 sílẹ̀, á yí padà. Ìkookò á fipá gba 32 yòókù, Ewúrẹ́ á sì ké lé e lórí títí gbogbo Ìkòsì á fi jí. Igbe yẹn kò dá èèpo kan ṣoṣo padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti ń ké mẹ́ẹ̀ẹ́ láìdúró de ẹni tó máa gbè é.

Ọdún ń gorí ọdún, ẹran inú àlọ́ kì í sì í darúgbó. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan sì fo kọjá ₦500. Ìkookò náà fò, ẹ má bi mí iye tó fò dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwọ́de oṣù kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní ibi méjì péré ni kí wọ́n ti ṣe é, gbàgede Gani Fawehinmi ní Òjọ́ta àti Peace Park ní Kétu, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìbínú pẹ̀lú aago ìpadàsílé. Peace Park kò jìnnà sílé Ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe wá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ewúrẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn yín la wá tọrọ. Orin wà, olórin ni kò sí."

"Ẹ káàbọ̀, Alága. Èló lẹ fẹ́ kó dá a padà sí lọ́tẹ̀ yìí?"

Ìjàpá fa ọrùn wọnú díẹ̀, ó ní, "97 àtijọ́ náà ni. Ṣé ẹ rántí bó ṣe dùn tó?"

Ewúrẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìjàpá kò tíì rí olórin. Ẹ̀yin tí ohùn yín dùn ní Kétu, Ìkòsì àti Alápẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.