Ẹ Bá Wa Pe Ìyá Aláṣọ Ẹbí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà ìtọrọ àánú sí òṣìṣẹ́, láti Marina dé Aláùsá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka èyí tí ẹ fi ń wá owó fún ilé àwọn ọmọ òrukàn. Ojú ìwé 4! Àkọ́kọ́, ìkíni ọ̀gá àgbà. Ìkejì, fọ́tò ọ̀gá àgbà. Ìkẹta, bí ilé-iṣẹ́ ṣe nífẹ̀ẹ́ aráàlú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì wá sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkẹrin, ó rí tín-ín-rín, àfi bíi pé EFCC ń wá a.

Ẹ wá ń ráhùn pé òṣìṣẹ́ láháwọ́. Òṣìṣẹ́ wo? Ṣé èyí tó san ₦50,000 fún léèsì lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí pé ìyá àgbà kan tí kò rí rí pé ọgọ́rin ọdún? Inú ọ́fíìsì yín náà ló ti ra léèsì ọ̀hún, lásìkò iṣẹ́ yín, lójú yín kòrókòró. Ìyá aláṣọ ẹbí tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó ló tà á fún un, kò sì ní ìgbákejì, kò ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò lọ ìdálẹ́kọ̀ọ́ kankan ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Fọ́tò aṣọ ló kọ́kọ́ jù sórí WhatsApp, tí gbogbo ẹnu á ṣe háà. Iye owó tẹ̀ lé e: ti ẹni tó fẹ́ gèlè, ti ẹni tó fẹ́ fìlà. Nọ́ńbà àkáǹtì. Ọjọ́ tí sísan owó máa parí. Ó tán! Bí owó rẹ bá wọlé báyìí, kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, àdúrà ti dé: "Wà á ṣe tìẹ náà láyọ̀." Ẹ̀yin ńkọ́? Mo mọ ẹni tó san owó yín ní oṣù kẹta tí ẹ kò tíì kí. Bóyá ẹ ń dúró de ìbuwọ́lùwé ọ̀gá àgbà.

Ìwà rẹ̀ kan wà tí mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kọ́, ìyẹn orúkọ onígbèsè tó máa ń tò síta láràárọ̀ lẹ́yìn "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi." Ọrẹ àánú kì í ṣe owó léèsì. Àmọ́ àwọn kan nínú yín ti ṣe ju ìyẹn lọ: wọ́n yọ owó náà lára owó oṣù láìbi ẹnikẹ́ni, wọ́n wá kọ "A dúpẹ́ fún ìfẹ́ yín" síbẹ̀. Ìfẹ́ ta ni? Ní ìlú ọba, láti ọdún 1987 ni òṣìṣẹ́ ti lè ní kí wọ́n yọ ọrẹ lára owó oṣù òun kí owó orí tó kàn án. Ẹni tí owó orí rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tó bá fi pọ́n-ùn 10 ṣe àánú, pọ́n-ùn 8 ló jáde lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́ o! Ibi tí ẹ̀ ń fò kọjá nìyẹn.

Ká tún yà sọ́dọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà, àwọn tó ń gbálẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Í-meèlì lẹ fi kéde, wọn kò sì ní í-meèlì ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nípa ìkówójọ yìí ni ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n wá ru àpò ìrẹsì sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn yìí ló ń dáwó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nì kan mọ̀!

Ti WhatsApp yín ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ṣí ẹgbẹ́ kan tó lè gba èèyàn 1,024, ẹ sì tì í pa: alábòójútó nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ohun tí wọ́n fi owó èṣí ṣe, kó lọ bi ògiri. Ìdáhùn tí ẹ fún wa lọ́dún yẹn ni fọ́tò kan: ọ̀gá àgbà, ìgbákejì rẹ̀, àti sọ̀wédowó onípátákó tó gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ òrukàn wà lẹ́yìn pátákó náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì hàn dáadáa.

Ẹ sọ fún wa pé aṣọ ilé-ìwé ọmọ mélòó ni owó èṣí rà, ta ló lọ rà á, kí ló ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tá a jọ ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní kàńtíìnì bá wa sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀gá tá à ń rí nínú fọ́tò. Ẹ ṣí ẹnu WhatsApp yẹn, ká lè bèèrè, ká lè jiyàn, ká lè fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ títí owó á fi jáde.

Mo ti bá yín lọ sọ́dọ̀ ìyá aláṣọ ẹbí. Ó ní òun gbà, owó á pé kí oṣù tó parí, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun kan péré ló ń bèèrè: àwọ̀ wo la máa wọ̀ lọ?