Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Nígbà tí wọ́n ń pa á lówe, ẹni tó fẹ́ yá ṣòkòtò ṣì ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòkòtò, á fọ̀ ọ́, á ká a, á sì dá a padà lẹ́yìn ìnáwó. Àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò òde òní ní Èkó ti kọjá àgbàbọ̀. À ń já ṣòkòtò oníṣòkòtò lórí okùn, à ń gbé e wọ̀, bó bá sì fún wa nídìí, a tún ń bú ẹni tó rán an. Windows ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà Àlàbá. Ẹ ra laptop tòkunbọ̀ kan, ká ní HP EliteBook 840 G3, irú èyí tí ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò títí ó fi sú wọn. Ẹ ná an títí ọ̀fun yín fi gbẹ, ẹ sanwó ẹ̀rọ, ẹ sanwó báàgì. Ẹ lò ó díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà ní Iyànà-Ìbà. Kò ní yẹ̀ ẹ́ wò púpọ̀ kó tó ní àfi kí òun format rẹ̀. Á yọ fíláàṣì jáde. Windows wà níbẹ̀, Office wà níbẹ̀, CorelDRAW wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí fáìlì ajákọ́kọ́rọ́ náà sì máa ń béèrè ni pé kí ẹ pa ààbò fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀rọ yín ná. Ẹnjiníà á pa á láìfọhùn. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé tí fáìlì ọmọlúàbí fi ń bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́.

"Ọ̀gá, ó ti activate." Ẹ ó sanwó iṣẹ́, ẹ ó tún fi owó omi tútù lé e. Bó bá yá, ọ̀rọ̀ kékeré kan á yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún pé kí ẹ lọ activate Windows. Níbòmíràn, ìkìlọ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń rán wa létí pé ó tó àkókò láti padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, náà mọ ti fíláàṣì. Ẹ fi project yín lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan, ẹ dé yàrá, gbogbo fódà ti di shortcut. Ariwo ta, ẹkún sọ, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ti jẹ Chapter Four. Kò jẹ ohunkóhun. Ó kàn fi fáìlì yín pamọ́ ni, ó wá fi ara rẹ̀ jókòó sípò rẹ̀. Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá ki fíláàṣì yẹn bọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows, ẹ ó rí Chapter Four yín tó jókòó jẹ́ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni oníṣòkòtò kò kúkú sùn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Microsoft fi òpin sí àtìlẹ́yìn fún Windows 10, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Wọ́n ní kí ayé máa bọ̀ ní Windows 11. Èyí ẹ̀wẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 àti ọpọlọ Intel ìran kẹjọ sókè, ìran kẹfà ló sì wà nínú EliteBook yín. Ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ ṣì le koko, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì pé, ni wọ́n jókòó sí Amẹ́ríkà dá lẹ́jọ́ pé ó ti di àlòkù pátápátá. Ìdáhùn Iyànà-Ìbà sí èyí? Ẹnjiníà ti ní fíláàṣì mìíràn tó máa fi ipá ti Windows 11 bọ̀ ọ́. Bí ṣòkòtò bá kéré, a óò mí sínú.

Ó sì yẹ kí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì gbọ́n ju báyìí lọ, torí ó ti rí ibi tí gbígbára lé ohun ẹlòmíràn ń báni dé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Volkswagen pọ̀ níbẹ̀, tí Beetle ń jáde. Òkè òkun ni àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, tí ẹ̀yà kò wọlé bó ṣe yẹ mọ́, iṣẹ́ dákẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ibùdókọ̀, tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo "Volks! Volks!"

Ti kọ̀ǹpútà kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1983, tí ìjọba Lateef Jakande dá LASU sílẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ kọ GNU, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún aládùúgbò. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, mú Linux jáde, GNU àti Linux sì bá ara wọn mu. Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu, irú Linux kan, kalẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi ń di síídì rẹ̀ sínú páálí, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè ní ibikíbi láyé, tí wọ́n ń sanwó ìfìwéránṣẹ́ fúnra wọn, títí di 2011.

Ẹ sọ èyí fún ará àdúgbò wa, á fajú ro. "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ohun ọ̀fẹ́ wo ló máa dáa?" Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí fún Windows ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o, ẹni tí Office rẹ̀ wá láti inú fíláàṣì ẹnjiníà. Ohun tí wọ́n fún wa ní gbangba, a fura sí i. Èyí tí a gbé lẹ́yìn ẹni tó ni ín, ọkàn wa balẹ̀ sí i.

Ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí First Gate LASU fi Linux Mint, irú Linux mìíràn, sórí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bàbá kan wọlé láti tẹ ìwé ìgbaniwọlé ọmọ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, irú kọ̀ǹpútà wo lèyí? Kò jọ ti gbogbo èèyàn."

"Linux ni, Dádì. Ẹ mú fíláàṣì yín wá, sà."

"Linux! Ṣé kì í ṣe òun ni àwọn ọmọ Yahoo ń lò?"

Kí ọmọ tó dáhùn, bàbá ti ki fíláàṣì bọ àpò, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí Windows ajákọ́kọ́rọ́ ti ń dúró dè é pẹ̀lú shortcut. Nínú àpò kan náà ni fóònù Tecno rẹ̀ wà. Android ló wà lórí fóònù ọ̀hún, Linux ló sì wà lábẹ́ Android. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Ti bàbá yìí tún yàtọ̀: ohun tó ń sá fún ló wà lápò ṣòkòtò tó fi ń sá. Láti 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ló ń lo Linux. Ṣé ọmọ Yahoo ni gbogbo wọn?

Kí ẹ má bàa rò pé mẹ̀kúnnù nìkan ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ ká rántí 2007. Wọ́n fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel, 17,000, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Mandriva, ilé iṣẹ́ Linux ti ilẹ̀ Faransé, ló gba iṣẹ́ ohun tó máa wà nínú wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n tún un ṣe kó bá ẹ̀rọ mu. Bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀ lọ́nà, alágbàṣe tó ń kó wọn wọlé ránṣẹ́ sí Mandriva: àwa á san owó yín o, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti dé, a máa nù ún kúrò, a óò fi Windows sí i. Ẹ tún un kà. A sanwó fún aránṣọ, a gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀, a jù ú sí ààtàn, a wá lọ wọ ti ẹlòmíràn. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà sí Steve Ballmer ti Microsoft lójú gbogbo ayé, ó bi í bí ó ṣe ń rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀. Ìròyìn tún jáde pé àdéhùn $400,000 fún ìpolówó ọjà ló wà nílẹ̀ láàárín Microsoft àti alágbàṣe náà, wọn ò tíì parí rẹ̀ ni. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ USPF, tó ń sanwó apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà, ló wá sọ pé kí wọ́n fi Mandriva sílẹ̀ níbi tó wà. Ìgbà kan nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ṣòkòtò tó bá a mu, mo sì gbé òṣùbà fún un.

Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pósítà òkú ní Òkokomáìkò, kó má fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣeré. CorelDRAW kò ní Linux láàyò. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní 2003 láti kó kọ̀ǹpútà ìjọba rẹ̀ bọ́ sórí Linux, ní 2017 wọ́n dìbò láti padà sí Windows. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn á ṣe agídí. Àwọn ọmọ Linux fúnra wọn kò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ béèrè ohun tó yẹ kí ẹ lò, wọ́n á pín sí ìjọ méje, wọ́n á máa bára wọn jà. Mo mọ irú wọn kan tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúdú bí òru, tí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé ń sáré lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti lọ tẹ course form.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni CorelDRAW ń bọ́? Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ká wọ ojúlé JAMB, ká ka ímeèlì, ká tẹ lẹ́tà, ká tẹ̀ ẹ́ jáde. Firefox àti LibreOffice á ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù First Gate, Iyànà-Ìbà àti PPL, ẹ̀rọ kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún, èyí tó ti dàgbà jù nínú ilé. Ẹ gbé Linux Mint sórí fíláàṣì 8GB, ẹ tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀. Kò ní nu ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀rọ bí ẹ ò bá ní kó nù ún. Ẹ yẹ WiFi wò, ẹ yẹ ohùn wò, ẹ fi í tẹ ìwé kan jáde. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ fi sí i, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà tó bá béèrè pé Linux kan náà ló wà nínú fóònù Android rẹ̀.