Ẹ Bi Í Pé Ta Ni Gólì Kogi United

Ẹ̀yin ọmọ Òkun, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ohun tó jọ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òní, kó má wá mi wá sílé o. N kò pe orúkọ ẹnì kan nínú yín. Ẹni tó bá dáhùn ni mo pè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nínú ìlú Kàbà. Iná ìjọba ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tó já sí kòtò, àwa bí ọgọ́rin sì há mọ́ orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ogójì ènìyàn. Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ń wá ọ̀nà láti lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Ni ẹ̀gbọ́n kan tó wọ jẹ́sí Chelsea bá dìde fùú. Jẹ́sí ọ̀hún ti pẹ́ lára débi pé àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti di eérú. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò nífẹ̀ẹ́ ilé! Líìgì wà ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Kogi United wà ní Lọ́kọ́ja, Òyìnbó lẹ fẹ́ lọ máa sìn!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wọ Arsenal pàtẹ́wọ́, ẹni tó wọ Manchester United pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wọ Barcelona, tí orúkọ Messi wà lẹ́yìn rẹ̀, ni tirẹ̀ dún jù, bẹ́ẹ̀ Messi ti kúrò ní Barcelona láti 2021, kò sẹ́ni tó tíì túfọ̀ fún un.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni gólì Kogi United?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, ó ku jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo Chelsea. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Kogi United ṣì wà?"

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí, ibi tó jìnnà jù tó dé láyé rẹ̀ ni Ìlọrin, ìsìnkú àna rẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ dókítà Chelsea. Ó mọ orúnkún tó ń dun ta ni, ó mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò san. Orúnkún bàbá tó bí i ti wú láti ọdún tó kọjá, kò tíì béèrè. Ó ní òun ti fẹ́ Chelsea kí òun tó fẹ́ ìyàwó, ìyàwó sì jẹ́rìí sí i. Àfi ìgbà tó fa áńkáṣíìfù yọ láti nu ojú, tí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ já bọ́ sílẹ̀, tí mo bá a ṣà á. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé Chelsea yóò fìdí rẹmi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìfẹ́ ilé.

Wàhálà ẹni tó dúró àti ẹni tó lọ yìí kì í ṣe ti wa nìkan. Ní Kánádà, wọ́n ní líìgì tiwọn tí ẹgbẹ́ 9 wà nínú rẹ̀, ife tí wọ́n ń dù, Grey Cup, sì ti wà láti 1909. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, bí ẹni jí adìẹ gbé lọ́jà Kàbà tí àwọn ìyálọ́jà sì gbá tẹ̀ lé e. Amẹ́ríkà tó múlé gbè wọ́n náà ń ṣe irú eré yẹn, owó tibẹ̀ sì ju tiwọn lọ fíìfíì. Ẹ wo Warren Moon, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe eré náà. Lọ́dún 1978, kò sí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan tó mú un, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wo aláwọ̀ dúdú nígbà náà, wọn ò gbà pé ó lè darí eré. Ó gba Kánádà lọ, ó bá Edmonton gba Grey Cup ní ìgbà 5 léraléra. Nígbà tó di 1984, ẹgbẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà ní kó máa bọ̀, ó sì lọ. Ṣé kó gba ìkẹfà ni, kó máa fi bomi fún adìẹ?

Àwa Yorùbá náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ Kánádà yìí. Ìlú Calgary ni wọ́n bí Fikayo Tomori sí lọ́dún 1997. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Kánádà, ó yíjú, ó gbá a fún England, Nàìjíríà sì dúró létí títì tó ń juwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta lórí ọmọ kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ọkùnrin mẹ́ta ń dẹnu kọ nọ́ọ̀sì kan ní Kàbà: ẹni tó ní mọ́tò ló ń gbé e lọ.

Ibí ni àwọn bàbá wa máa ń gbà wọlé. "Nígbà tiwa, àwọn ọmọ dúró sílé!" Òótọ́ ni. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars Ìbàdàn láti 1970 títí di 1984, kò wọ jẹ́sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gba African Cup Winners' Cup ní 1976. Òun náà ló sọ bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Algeria ní Èkó ní 22 March 1980, tí a fi gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ má gbàgbé láti sọ ìyókù: lọ́dún 1980 yẹn, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ẹ fún èmi náà ní náírà 1980, kí ẹ wá wo ìfẹ́ ilé. N ò ní kúrò ní Kàbà. N ò tiẹ̀ ní kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá kan alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Èwo nínú wọn? Gbogbo wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, tí gómìnà bá yí, alága á yí, kóòṣì á yí, gbèsè nìkan ni kì í yí. Oṣù mẹ́rin ni owó àwọn ọmọ ti wà lọ́rùn, alága á sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ti ara rẹ̀, á gba gbohùngbohùn, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó kọ́ ni gbogbo nǹkan." Àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta wà ní Kánádà. Kò sí èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn.

Ẹ rántí Sunday Mba? Ilé ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Burkina Faso ní 10 February 2013, tí ife Áfíríkà fi padà sọ́dọ̀ wa. Ariwo sọ: Rangers Ẹnúgù ní tàwọn ni, Warri Wolves ní tàwọn ni, wọ́n ń fa ọmọ bí ẹran iléyá. Ìfẹ́ ọmọ ń pa wọ́n! Ọdún kejì, ọmọ ti wà ní erékùṣù Corsica pẹ̀lú CA Bastia. Èmi náà ì bá sá.

Bó bá sì jẹ́ ti pípààrọ̀ ẹgbẹ́ ni, kí agbábọ́ọ̀lù tó dé, àwọn olóṣèlú Òkun ti gba ife ẹ̀ lọ sílé. Lọ́dún 2015, Dino Melaye wọ jẹ́sí APC, Smart Adéyẹmí wọ ti PDP, wọ́n jọ wọ pápá nítorí ìjókòó aṣòfin àgbà Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, Dino sì wọlé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 2019, Dino ló wọ PDP, Smart ló wọ APC. Ẹ̀yin ará, wọ́n ti pààrọ̀ jẹ́sí! Lẹ́yìn tí réfẹ́rì bá fọn fèrè ìparí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń ṣe é, tiwọn, eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Dino ló kọ́kọ́ wọlé, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e, a tún ìbò dì ní oṣù kọkànlá, Smart gbé e lọ. Àwa olùwòran? Ẹ̀ẹ̀mejèèjì la jó.

Ká tiẹ̀ wò ó dáadáa, gbogbo ọmọ Òkun ni wọ́n ti tà rí. Nígbà ayé Òyìnbó, Kabba Province ni wọ́n ń pe ẹkùn yìí, Lọ́kọ́ja sì ni wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sí. Orúkọ wa ló wà lẹ́yìn jẹ́sí, ẹlòmíràn ló ń gba owó oṣù. Ní 1967, wọ́n kó wa sínú ìpínlẹ̀ tó padà di Kwara. Ní 27 August 1991, a jí láàárọ̀, a bá ara wa ní Kogi. Kò sí ẹ́jẹ̀ǹtì, kò sí owó ìfọwọ́síwèé, ẹnikẹ́ni ò sì pè wá wá ṣàyẹ̀wò ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta lọ́fẹ̀ẹ́ kò yẹ kó máa bá ẹni tí wọ́n fẹ́ fi owó rà jà.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tí kò lè na bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kó tó já bọ́, òun ló ń bi mí pé nínú Spéènì àti Jámánì, èwo ni òtútù ibẹ̀ dára fún orúnkún. Ó ní ọmọ ọdún 17 ni òun. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti ṣègbéyàwó, ọmọ àbúrò rẹ̀ sì ti wọ iléèwé, òun ṣì wà ní 17, ó dúró gbọnin síbẹ̀ bí òkè. Ó ń fá irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bàbá rẹ̀ ta kajú odindi ọdún kan, ó kó owó fún ẹ́jẹ̀ǹtì tó ní òun mọ ẹni tó mọ ẹni tó ń fọ aṣọ fún Benfica. Potogí ni wọ́n dágbére, Kútọnu ni mọ́tò já wọn sí. Ẹ́jẹ̀ǹtì ní òun fẹ́ lọ ra omi. Omi náà ló ṣì ń rà títí di òní. Ọmọ padà dé pẹ̀lú gbólóhùn Faransé méjì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èébú. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó ní òun ò lè bá àwọn ọmọ Kàbà gbá bọ́ọ̀lù mọ́, pápá wọn kò bá ẹsẹ̀ òun mu.

Síbẹ̀, èyí tó lọ tó rí i ṣe wà. Ahmed Musa sọ bọ́ọ̀lù 18 sáwọ̀n fún Kano Pillars ní sáà 2009 sí 2010, ó lọ sí Netherlands, Rọ́ṣíà àti England, ó wá padà sí Pillars ní 2021, ó tún padà ní 2024. Ilé rẹ̀ kò sọnù, owó rẹ̀ náà kò sọnù. Ẹ jẹ́ kí n sì dárúkọ Rashidi Yekini, kí ẹ̀rín fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ti Shooting Stars bọ́ sí Abiola Babes, ó gba Abidjan lọ ní 1987, ó dé Setúbal ní Potogí ní 1990. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ní 1993, òun ló sì gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wa wọlé ní Ife Àgbáyé, ní 21 June 1994. Ní 2003, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún, ó padà wálé, ó wọ jẹ́sí Julius Berger, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko tí ẹ ní kí ó má kúrò lórí ẹ̀. Ẹ̀yin ìfẹ́ ilé, ta ni nínú yín tó lọ wò ó? Ilé ìwòran lẹ wà. Ìgbà tó kú ní 4 May 2012 ni gbogbo yín wá rántí pé tiyín ni.

Ẹ̀gbọ́n Chelsea ti gbà báyìí pé òun á bá mi lọ sí Confluence Stadium ní Lọ́kọ́ja. Ó kọ́kọ́ ní ọ̀nà kò dára. Mo ní láti Kàbà dé Ọbàjànà, Dangote ti fi kọnkéré ṣe é, kìlómítà 43, kò sí irọ́ tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní tírélà pọ̀. Mo ní tírélà kì í wo jẹ́sí. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ń gba tẹ́tẹ́ lórí eré Kogi United, kó kọ ọ́ pé wọn ò ní í wọlé.

Ọkọ̀ Lọ́kọ́ja ń gbéra ní páàkì láràárọ̀. Ẹni tó bá ṣáájú mi débẹ̀, kó bá mi béèrè orúkọ gólì yẹn. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.