Okùn Pásífáyà

Pásífáyà ni ọmú rọ́bà tí a ń ki bọ ọmọ lẹ́nu kí ó lè dákẹ́. Kò ní wàrà, kò ní omi, kò ní adùn; ìlérí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Orí ọmú, àwo pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ọmọ gbé e mì, àti òrùka tí a fi ń dì í mú: gbogbo rẹ̀ ló ti wà lára èyí tí apoògùn kan ní New York, Christian W. Meinecke, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1900. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi sílíkóònù rọ́pò rọ́bà, wọ́n ti kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n tilẹ̀ ti ṣe èyí tó ń tàn lóru kí ìyá ọmọ lè rí i nínú òkùnkùn. Èyí tí kì í jábọ́ ni wọn kò tíì rí ṣe.

Ó ń jábọ́ nítorí pé ẹnu ọmọ ní iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó jábọ́. Ọmọ sín, ó jábọ́. Ó yán, ó rí ewúrẹ́, ó fẹ́ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, ó jábọ́. Bí ó bá fi máa tó ọmọ oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yí padà: á bẹ̀rẹ̀ sí í dìídì ju nǹkan sílẹ̀, kí ó lè wo ibi tí yóò balẹ̀ sí àti ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ mú un. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland, jókòó ti àwọn ọmọ tirẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń ju nǹkan sílẹ̀ léraléra, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Òótọ́ ni. Ìbàdí ìyá wọn ló ń san owó iléèwé.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà kò le. Òde ni ìjà wà. Ìyá tó bá gbéra láti Ìta-Ògbólú lọ sí Akúrẹ́ láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, tó fẹ́ yà sí báńkì, tó sì fẹ́ ra ata ní Ọjà Ọba kó tó padà, ti gbé pásífáyà gba gbogbo ibi tí ìdọ̀tí ń gbé. Ojú ọ̀nà Adó-Èkìtì nìyẹn: táksí já sí kòtò kan, pásífáyà bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàtà wò. Ní báńkì, ó bọ́ sórí táìsì níbi tí gbogbo ìlú ti tò kọjá. Ọjà ló wá kù, pàápàá lẹ́yìn òjò, tí ẹrẹ̀ pupa, omi ẹja àti ewé ata ti di ọ̀kan.

Ní ọjà yìí, tó bá jábọ́ lẹ́bàá oníṣu, màmá oníṣu ló máa kọ́kọ́ mú un, torí orí àpótí ló jókòó sí, òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù. Á fi etí ìró nù ún, ìró kan náà tó fi ń nu iṣu láti àárọ̀. Á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, “Ìyàwó wa, gbà, fún ọmọ.” Ìyá ọmọ á kúnlẹ̀ díẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì gbà á: “Ẹ ṣé, mà.” Ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Kò lè fi í sẹ́nu ọmọ nítorí erùpẹ̀ iṣu, kò sì lè fọ̀ ọ́ lójú màmá nítorí ìtìjú. Màmá náà kò gbójú kúrò: “Fi sí i lẹ́nu, ó ń wò ẹ́.”

Ọ̀nà tí a ń gbà fọ ohun tó bá ti jábọ́ pọ̀. Àwọn kan á bu píọ̀ wọ́tà jẹ ní igun, wọn á fún omi rẹ̀ sí i, láìrántí pé ọwọ́ tó di ọ̀rá náà mú ti ka owó lọ́wọ́ alata. Àwọn mìíràn á fi ìnujú olóòórùn dídùn nù ún, ọmọ á sì máa fa lọ́fínńdà mu. Àwọn tó kù á jù ú sẹ́nu ara wọn, wọn á lá a mọ́, wọn á fi í padà. Àwọn oníṣègùn ti fìgbà pípẹ́ bínú sí ìwà yìí nítorí kòkòrò tó ń jẹ eyín. Ṣùgbọ́n ní 2013, àwọn olùṣèwádìí ní Gothenburg, ní Sweden, tẹ̀ ẹ́ jáde pé àléfọ́ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọ tí òbí wọn ń lá pásífáyà mọ́. Ṣàṣà ni ìwádìí tó dá ọ̀lẹ láre tó báyìí.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni síso. Okùn ọrùn ni àkọ́kọ́, òun ló sì burú jù. Wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ òrùka pásífáyà, wọ́n á gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ríbọ́ọ̀nù yẹn lè kọ́ igi ibùsùn, ó lè kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, èémí ọmọ sì lè pin kí ẹnikẹ́ni tó yíjú. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978 kọ̀ kí wọ́n ta pásífáyà pẹ̀lú okùn kankan, ó sì pàṣẹ kí ìkìlọ̀ ọrùn wà lára páálí rẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ihò afẹ́fẹ́ wà lára àwo rẹ̀, ó kéré tán méjì, kí ọmọ lè rí èémí gbà bí gbogbo rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ṣe òfin náà ro ikú. Ẹni tó so ríbọ́ọ̀nù ro fọ́tò.

Píìnì ló tẹ̀ lé e: irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lórí àyà ọmọ, kí rọ́bà má baà dọ̀tí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kílíìpù aṣọ dé, pẹ̀lú okùn onílẹ̀kẹ̀ tí a fi lẹ́tà kọ orúkọ ọmọ sí. Ìlànà Yúróòpù ní kí okùn bẹ́ẹ̀ má gùn ju mìlímítà 220 lọ, kí ó má baà lè yí ọmọ lọ́rùn ká. Wọn kò ro orúkọ Yorùbá mọ́ ọn. Ọmọ tó bá ń jẹ́ Olúwaṣemílóore, okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí orúkọ tó parí, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sì já lára rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló mọ̀.

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìnira àwọn méjèèjì lòwe ń wí. Ṣùgbọ́n nínú òwe, ẹnikẹ́ni kò náwó sí i. Ti òde òní, ìyá ọmọ fowó ra adìẹ, ó fowó ra okùn, ó ra ike tí okùn yóò máa gbé inú rẹ̀, ó ra omi tí yóò máa fi fọ ike, ó wá ra báàgì ńlá tí yóò kó gbogbo wọn sí. Ohun tí a rà kí ọwọ́ ìyá lè ṣófo ti gba ọwọ́ méjèèjì. Okùn náà kò sì jẹ́ kí pásífáyà dé ilẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn ń fì í káàkiri ni, ó ń fi í gbá ara táksí, ó ń fi í gbá apá ọlọ́kadà, kí ó tó padà sẹ́nu. Bàbá ọmọ ni kó sì wá bá wọn jáde, kí ó gbàgbé kílíìpù sílé, kí ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé Akúrẹ́. Ẹni ire ni. Ó máa ń ra méjì mìíràn.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí a má fún ọmọ tó ń mu ọmú ní pásífáyà rárá. Ní 2005, ẹgbẹ́ oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí a fi í sí i lẹ́nu bó bá fẹ́ sùn, nítorí ikú òjijì ojú oorun, lẹ́yìn tí ọmú bá ti wọ̀ ọ́ lára. Ní 2018, àwọn àjọ méjì àkọ́kọ́ rọ ohùn sílẹ̀: kí a kàn gba ìyá nímọ̀ràn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bá a dé Ọjà Ọba.

Ọ̀já wà síbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a pọ̀n, tó ju pásífáyà sílẹ̀, àárín àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sábà máa ń há sí. Ìrìn ìyá ń mì í, oorun ń gbé e, ẹnu rẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Tí ebi bá pa á, a ó tú u wá síwájú. Ọmú ìyá kò jábọ́ sórí táìsì rí.

Ẹni tí kò bá lè fi pásífáyà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fà á wò lójoojúmọ́, kí ó ju èyí tó bá ti sán nù, kí ó sì tú okùn kúrò nígbàkígbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn. Tó bá fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn oníṣègùn eyín ní kí a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí eyín. Ọmọ ti lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó sì lè sọ ibi tó jù ú sí. Kì í sọ.