Ó Ku Ẹnì Kan

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Wọ́n ní bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò yọ kùmọ̀? Ì bá wù mí kí àwọn àgbà wọ̀nyí bá wa wọkọ̀ láti Ìdànrè lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo. Wọn yóò rí ejò méje nínú ihò kan, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn gbágbáágbá, ìyà sì ń jẹ wọ́n náà.

Ihò tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ akérò ni. Ẹni tó ṣe é ka ènìyàn márùn-ún sí i, dírẹ́bà sì wà nínú márùn-ún ọ̀hún. Nígbà tó dé párkì wa, ìṣirò yí padà: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, dírẹ́bà ṣìkeje. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ni agbèrò ti ń ké: “Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan!” Ẹ óò sáré, ẹ óò wọlé, ẹ óò wá rí i pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó. Láti ìgbà tí mo ti ń wọkọ̀ ní párkì yẹn, ẹnì kan náà ló ń kù. Kò ku méjì rí.

Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni fáìlì ti ń pe ọmọ Ìdànrè ní Alágbàkà, àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà níbẹ̀. Ọ̀nà náà ò jìnnà, ó kàn lé díẹ̀ ní kìlómítà 20 ni. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sáàárín lẹ́yìn ná. Ẹnì kan á fara síwájú, ẹnì kejì á fara ti ẹ̀yìn, bí eyín ayùn. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ tí ẹ̀ ń họ kì í ṣe tiyín mọ́.

Àwọn méjì iwájú ní tiwọn ń jọ pín bẹ́líìtì kan. Bí a bá ti ń sún mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, dírẹ́bà á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa nǹkan yẹn.” Ẹni tó wà létí ilẹ̀kùn á fà á kọjá àyà àwọn méjèèjì, á fọwọ́ dì í mú, kò ní kì í bọ ojú ihò rẹ̀. Bí a bá ti kọjá, á jọ̀wọ́ rẹ̀, bẹ́líìtì á sì sáré padà sílé. Láti 1988 ni àjọ àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ti wà lójú títì, a ò sì tíì yé di bẹ́líìtì nítorí ojú wọn. Àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀.

N kò ní parọ́, ọ̀nà yìí ní adùn tirẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kùrukùru a máa bo òkè Ìdànrè dé ọrùn, orí àpáta nìkan lẹ óò máa rí, bí àgbà tó da aṣọ bora tí kò tíì fẹ́ jí. Lásìkò kòkó, òórùn kòkó tí wọ́n sá sétí títì á gba fèrèsé wọlé, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á tú àkàrà, á ní, “Bọ̀dá, ẹ bá mi jẹ ẹ́.” Ta ni yóò tún rántí pé itan òun ti kú?

Lọ́jọ́ kan, fóònù arákùnrin kan dún. A ò tíì kúrò ní Aládé, nínú Ìdànrè níbí. “Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti wà ní Alágbàkà, sà. Ẹnu géètì ni mo wà báyìí.” Dírẹ́bà fọwọ́ ara rẹ̀ yí rédíò wálẹ̀. Ìyá alákàrà gbé tẹnu rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Ọmọ kékeré tó wà lórí itan ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá yára bò ó lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́ títí ó fi ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n kọ́wọ̀ọ́ rìn dáadáa, bó bá ti jẹ́ pé irọ́ là ń sìn lọ.

Àwọn tí òwe àgbà wọ̀ létí gan-an ni àwọn dírẹ́bà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, kí epo tuntun tó wọ tánkì, owó ọkọ̀ tuntun ti wọ párkì. Ohùn kan ni gbogbo wọn fi pè é. Ohùn mẹ́fà ni àwa èrò fi dáhùn: ẹnì kan pòṣé, ẹnì kan pe Jésù, ẹnì kan bú Àbújá, ẹnì kan ní ayé ti ń parí lọ, ẹni karùn-ún ń wá ṣénjì, ẹni kẹfà ń sùn. Nígbà tí owó epo sì wálẹ̀ díẹ̀ ní 2025, etí párkì di.

Àwọn tó ti bọ́ nínú ọkọ̀ èrò ńkọ́? Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, òṣìṣẹ́ ìjọba tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún rí jíìpù rà. Mẹ́rin ni mo kà ní òpópónà kan ṣoṣo. Alágbàkà ni gbogbo wọn ń lọ, kálukú nínú tirẹ̀, àga òfìfo mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú. Wọ́n á tò tẹ̀ léra wọn bí ejò inú òwe, kálukú á máa dá epo bú.

Bẹ́ẹ̀, títí di 1923, orí òkè ni ìlú Ìdànrè wà. Ẹni tó bá gùn ún lónìí á ka àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kó tó dé ààfin àtijọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ru ẹrù wálẹ̀, tọba tìjòyè, tàgbà tọmọdé. Ọmọ ọmọ wọn ni kò lè jọ la ẹnu sọ pé èrò mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àbí ta ni mò ń bá wí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá àgbà kan jókòó síbi fèrèsé, èmi wà láàárín, ẹnì kan wà lápá kejì. Agbèrò ṣílẹ̀kùn, ó ń pe ẹni kẹrin.

“Ọmọ mi, ọkọ̀ ti kún,” ni màmá wí.

“Màmá, ẹ sún díẹ̀.”

“Mo ní ó ti kún. Àbí ẹ̀yin náà ò rí i ni?”

Màmá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan dojú kọ fóònù. Ẹnì kan ń wo òkè, àfi bíi pé àná ni wọ́n gbé àpáta síbẹ̀. Wọ́n wo èmi náà. Mo ń wá ṣénjì tó wà lọ́wọ́ mi.

Màmá gbé àpò wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Agbèrò ò tiẹ̀ bínú. Ó kọjú sí títì, ó sì sọ òótọ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: “Àkúrẹ́, ó ku ẹni méjì!”

Mo sún síbi fèrèsé.